Ta Ló Ń Gbé Àmì Náà Mì? Ìdí tí iná ilé fi ń gbọ́ràn lówùúrọ̀ tí kì í gbọ́ lálẹ́

Ẹ̀gbọ́n mi tó ń gbé ní Houston pè mí ní alẹ́ Sátidé kan. Wọ́n ní gílóòbù yàrá òkè ti ya aláìgbọràn. Bí wọ́n bá tẹ bọ́tìnì rẹ̀ nísàlẹ̀, kò ní tàn. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbẹ aṣọ bá ń ṣiṣẹ́, tí wọ́n sì tẹ bọ́tìnì kan náà, iná á tàn yòò. Aṣọ á gbẹ, ẹ̀rọ á dákẹ́, gílóòbù òkè á tún di adití. Ìyá ìyàwó wọn tó wá kí wọn láti Ìjẹ̀bú-Òde ti ń sọ pé kí wọ́n pe wòlíì.

Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí wòlíì sinmi ná. Mo kọ́ iṣẹ́ wáyà iná ní Ìbàdàn kí n tó rìnrìn àjò, mo sì ti bá irú àìsàn yìí pàdé nínú ilé tó ju méjì-mẹ́ta lọ. Ẹ̀rọ aṣọ yẹn ò ní ẹ̀mí kankan nínú. Afárá ló dà, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rán an.

Ẹni tó kọ́kọ́ ni ilé yẹn ló fi X10 sí i. Ètò kan ni X10 jẹ́ tí ènìyàn fi ń pàṣẹ fún iná, fáànù àti àwọn ẹ̀rọ mìíràn láì fa wáyà tuntun. Wáyà iná tó ti wà nínú ògiri tẹ́lẹ̀ náà ni àṣẹ ń gbà kọjá. Ilé iṣẹ́ Pico Electronics ní Glenrothes, nílẹ̀ Scotland, ló ṣe é ní 1975. Iṣẹ́ kẹwàá tí wọ́n dáwọ́ lé ni, ibẹ̀ ni orúkọ rẹ̀ ti wá. Nígbà tó fi di 1978, àwọn ṣọ́ọ̀bù Radio Shack àti Sears ti ń tà á ní Amẹ́ríkà. Kò wọ́n, kò sì ṣòro fún onílé láti fi sí i fúnra rẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹ fi ṣì ń bá a nínú àwọn ilé tó ti pẹ́ díẹ̀.

Báwo wá ni àṣẹ ṣe ń gba inú iná kọjá tí kì í jóná? Iná tó ń wọlé wa kì í ṣàn síbì kan bí omi odò. Ńṣe ló ń lọ tó ń bọ̀: ìgbà 60 ní ìṣẹ́jú àáyá kan ní Amẹ́ríkà, ìgbà 50 nílé ní Nàìjíríà. Bó ṣe ń lọ tó ń bọ̀ yẹn, ó ní ìgbà tí agbára inú wáyà máa ń já sí òdo kó tó tún dìde. Àwọn tó ṣe X10 rí àlàfo yẹn, wọ́n ní ibẹ̀ làwọn á ti máa sọ̀rọ̀. Ẹ rántí ẹni tó ń yí iyán nínú odó nígbà tí ẹlòmíràn ń gún un. Bí ọmọ odó bá ti gòkè ni yóò tọwọ́ bọ̀ ọ́, yóò yí iyán, yóò sì ti yọwọ́ kí ọmọ odó tó já. Bí X10 ṣe ń ṣe nìyẹn. Tí iná bá ti dé òdo, á ju àmì bíńtín kan sínú wáyà, àmì tó ń gbọ̀n nígbà 120,000 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí kì í sì í pẹ́ ju ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá lọ. Bí àmì bá wà, ó dúró fún ọ̀kan. Bí kò bá sí, ó dúró fún òdo. Ọ̀kan àti òdo wọ̀nyí ló ń di ọ̀rọ̀.

Ilé kọ̀ọ̀kan ní lẹ́tà tirẹ̀, láti A dé P. Ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan nínú ilé náà ní nọ́ńbà, láti 1 dé 16. Àdírẹ́sì 256 nìyẹn lápapọ̀. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnì pé kí B4 tàn, ohun tó máa wọ inú wáyà ni "B4, B4," á sinmi díẹ̀, á wá ní "B tàn, B tàn." Iná gbọ́dọ̀ lọ kó bọ̀ nígbà 47 kí gbólóhùn yẹn tó parí, ó sì ku díẹ̀ kí ìyẹn pé ìṣẹ́jú àáyá kan. Òun ló ń jẹ́ kí iná X10 máa ṣe bí ẹni ń rò ó kó tó tàn. Ẹ fi ọkàn sí i pé ẹ̀ẹ̀mejì ló ń sọ ohun gbogbo, a ó padà síbẹ̀.

Àmì yìí ò lágbára. Volt díẹ̀ péré ni, nínú wáyà tó gbé volt 120. Èyí tó tún wá burú ni pé nínú èyí tó pọ̀ jù lára àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí, kò sẹ́ni tó ń dáhùn. Bọ́tìnì á pariwo "B4, tàn," á sì bá tirẹ̀ lọ. B4 gbọ́ o, B4 ò gbọ́ o, bọ́tìnì ò mọ̀.

Ibi tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ṣìnà ni pé wọ́n rò pé àìsàn kan ṣoṣo ló ń ṣe àmì tí kò dé ibi tó ń lọ. Wọ́n á lọ ra ẹ̀rọ tó ń mú àmì lágbára, wọ́n á náwó gọbọi, ìṣòro á sì jókòó síbẹ̀. Àìsàn mẹ́ta ni, oògùn wọn ò sì papọ̀. Ó lè jẹ́ pé àmì ò rí ọ̀nà gbà. Ó lè jẹ́ pé nǹkan kan ń gbé e mì lójú ọ̀nà. Ó sì lè jẹ́ pé ariwo ló bò ó mọ́lẹ̀.

Ti ẹ̀gbọ́n mi, àìrọ́nà-gbà ni. Àwa tó dàgbà ní Nàìjíríà mọ̀ nípa phase dáadáa. Iná á lọ nílé yín, ẹ ó yọjú lójú fèrèsé, ẹ ó rí i pé ilé kejì mọ́lẹ̀ rekete, ni ẹnì kan á bá bọ́ síta lọ yí fíúsì sí phase tó ní iná. Òpó kan náà, tiransifọ́mà kan náà, síbẹ̀ ohun tó wà lórí wáyà kan ò sí lórí èkejì. Ní Amẹ́ríkà, volt 240 ni tiransifọ́mà máa ń fi ránṣẹ́ sílé, ṣùgbọ́n ó ti là á sí apá méjì, volt 120 lápá kọ̀ọ̀kan. Àwọn sọ́kẹ́ẹ̀tì kan wà lápá ọ̀tún, àwọn tó kù wà lápá òsì. Bọ́tìnì ẹ̀gbọ́n mi wà lápá kan, gílóòbù òkè wà lápá kejì. Kí àmì tó ti ibí dé ọ̀hún, àfi kó jáde kúrò nílé, kó lọ dé tiransifọ́mà tó wà níta, kó sì padà wọlé. Kó tó padà dé, ó ti rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu.

Ẹ̀rọ tó ń gbẹ aṣọ ní tirẹ̀, volt 240 ló ń jẹ. Ìyẹn ni pé ẹsẹ̀ rẹ̀ kan wà lápá ọ̀tún, èkejì lápá òsì, irin tó ń gbóná nínú rẹ̀ sì so méjèèjì pọ̀. Irin yẹn, nínú ẹ̀rọ tó ń jẹ watt 5,000, kì í ju nǹkan bí ohm 11 sí 12 lọ (ohm la fi ń wọn bí nǹkan ṣe ń dínà tó; bó bá ṣe kéré tó ni ọ̀nà ṣe ń ṣí tó). Ojú títì gbọọrọ nìyẹn fún àmì. Tí irin bá ń gbóná, àmì á gun orí rẹ̀ kọjá. Tí ẹ̀rọ bá kú, ojú títì di. Ààrò oníná volt 240 máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ náà. Nítorí náà, bí ẹnì kan bá ní iná òun ń gbọ́ràn nígbà tóun bá ń dáná tàbí tóun bá ń fọṣọ nìkan, ẹ ò nílò àyẹ̀wò mìíràn.

Oògùn rẹ̀ ni kí a ṣe afárá tí kò ní í kú. Kapásítọ̀, ẹ̀yà kékeré kan tó wà nínú ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ iná, ni wọ́n fi ń ṣe é: wọ́n á fi í sáàárín apá méjèèjì nínú àpótí bíréékà. Ẹ wo bó ṣe gbọ́n tó. Fún iná tó ń lọ tó ń bọ̀ nígbà 60, kapásítọ̀ tó jẹ́ 0.1 microfarad dà bí ìlẹ̀kùn tí wọ́n tì pa, nǹkan bí ohm 26,500 ló fi ń dínà. Fún àmì tó ń gbọ̀n nígbà 120,000, ìlẹ̀kùn kan náà ṣí sílẹ̀ gbayawu, ohm 13 péré. Iná ò lè gba ibẹ̀, àmì ń gba ibẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́. Ẹ jọ̀wọ́, ẹni tó ní ìwé àṣẹ iṣẹ́ iná ni kó fi sí i. Inú àpótí yẹn kì í ṣe ibi tí ènìyàn ti ń kọ́ṣẹ́ lórí YouTube.

Wàyí o, kapásítọ̀ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ yìn tán yìí kan náà ni ọ̀bàyéjẹ́ tó wà nídìí àìsàn kejì.

Ẹ tú ṣájà láptọ́ọ̀pù wò, tàbí tẹlifíṣọ̀n, tàbí kọ̀ǹpútà orí tábìlì. Ní ẹnu ọ̀nà ibi tí iná ń gbà wọ inú rẹ̀, ẹ máa bá kapásítọ̀ kan tó kó wáyà méjèèjì pọ̀. Kì í ṣe àṣìṣe. Ìjọba ní kí àwọn ẹ̀rọ wọ̀nyí má da ìdọ̀tí inú wọn padà sínú wáyà kó má baà yọ rédíò aládùúgbò lẹ́nu. Kapásítọ̀ yẹn ló ń gbé ìdọ̀tí náà mì. Ṣùgbọ́n kò mọ ìyàtọ̀ láàárín ìdọ̀tí àti àmì X10. Ohunkóhun tó bá ti ń gbọ̀n kíákíá, ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀ fún un, á gba ibẹ̀ padà síbi tó ti wá láì dé ọ̀dọ̀ gílóòbù. Ẹ rántí omi ẹ̀rọ àdúgbò: bí ẹni tó wà lókè odò bá ti ṣí tirẹ̀ gbàgbàdà, tiyín á máa kán tó, tó, tó. Kò sẹ́ni tó bá páìpù yín jà, wọ́n kàn ń gba omi ṣíwájú yín ni.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ mú dání nínú gbogbo àlàyé yìí nìyí o: kapásítọ̀ yẹn sábà máa ń wà níwájú súìsì ẹ̀rọ. Ẹ lè pa tẹlifíṣọ̀n, kí iná pupa kékeré rẹ̀ pàápàá kú, kó ṣì máa gbé àmì mì. Ẹ lè yọ láptọ́ọ̀pù kúrò lẹ́nu ṣájà, kí ṣájà tó kù lójú ògiri máa bá iṣẹ́ ibi rẹ̀ lọ. Pípa ò tó, àfi kí ẹ yọ ọ́ lójú ògiri. Àìmọ èyí ló ń jẹ́ kí àwọn ènìyàn máa bú ẹ̀rọ tí kò ṣẹ̀. Wọ́n á ní, "Mo ti pa gbogbo nǹkan inú ilé, kò gbọ́ náà ni," wọ́n á wá ju bọ́tìnì tí kò ṣe nǹkan kan nù.

Àìsàn kẹta, ìyẹn ariwo, yàtọ̀ sí èyí. Olóyè rẹ̀ ni ẹ̀rọ tó ń ju ìgbọ̀nrìrì tirẹ̀ sínú wáyà, nítòsí ibi tí àmì ń gbọ̀n sí. Ẹ gbìyànjú kí ẹ sọ̀rọ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ nídìí ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń lọ ata, ẹ ó rí ohun tí mò ń wí. Gílóòbù olówó pọ́ọ́kú, ṣájà fóònù tí ò lórúkọ, súìsì tó ń dín iná kù, àwọn wọ̀nyí ló máa ń jẹ̀bi jù. Àwọn wọ̀nyí máa ń dákẹ́ bí ẹ bá ti pa wọ́n. Ìyẹn ni ẹ fi máa dá wọn mọ̀: bí ara X10 bá yá nígbà tí ẹ pa ẹ̀rọ kan, ariwo ni, bí ara rẹ̀ ò bá yá àfi ìgbà tí ẹ yọ ọ́ lójú ògiri, agbémì ni. Bí ẹ bá ní rédíò kékeré tó ń gbọ́ AM, ẹ gbé e sún mọ́ wọn lọ́kọ̀ọ̀kan níbi tí kò sí ilé iṣẹ́ rédíò kankan. Rédíò náà ò gbọ́ ìgbọ̀n 120,000 ti X10 gan-an, ṣùgbọ́n aláriwo kì í pariwo síbì kan ṣoṣo, ẹ ó gbọ́ ṣììì rẹ̀.

Bí mo ṣe máa ń ṣe é nìyí. N óò wá ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni ò kánjú nílé. N óò yọ gbogbo nǹkan tó ṣeé yọ, tí yóò ku firíìjì àti àwọn iná tó ń gbàṣẹ nìkan. N óò tẹ bọ́tìnì. Bí àwọn iná kan bá gbọ́, tí àwọn tó kù ò gbọ́, tó sì jẹ́ pé àwọn tí kò gbọ́ wà lápá kan náà nínú àpótí bíréékà, afárá la nílò. Bí gbogbo wọn bá gbọ́, a jẹ́ pé ọ̀kan nínú àwọn tí mo yọ lọ̀daràn. N óò wá máa dá wọn padà lọ́kọ̀ọ̀kan, mo tẹ bọ́tìnì nígbà márùn-ún lẹ́yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì kọ ọ́ sínú ìwé. Iṣẹ́ sùúrù ni. Ó lè gba ọ̀sán kan gbáko, àwọn ọmọ ilé á sì máa bínú pé íntánẹ́ẹ̀tì ti lọ.

Bí ọwọ́ bá tẹ agbémì, ẹ má jù ú nù. Fílítà wà tí wọ́n ń fi sáàárín rẹ̀ àti ògiri, tí kì í jẹ́ kó rí àmì mọ́ rárá. Kí ẹ kàn ka ohun tó wà lára fílítà kí ẹ tó rà á. Fílítà amp 5 ò lè gbé ju nǹkan bí watt 600 lọ ní volt 120, nítorí náà tẹlifíṣọ̀n àti kọ̀ǹpútà ni tirẹ̀, kì í ṣe máíkírówéèfù. Aláriwo ńkọ́? Tó bá jẹ́ gílóòbù tàbí ṣájà pọ́ọ́kú, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, fílítà á wọ́n ju òun fúnra rẹ̀ lọ. Ẹ má sì fi ẹ̀rọ X10 sí ojú páálí sọ́kẹ́ẹ̀tì olókùn gígùn tó ń dáàbò bo ẹ̀rọ lọ́wọ́ iná òjijì, agbémì ni ọ̀pọ̀ nínú wọn.

Ẹ̀rọ tó ń mú àmì lágbára tí àwọn ènìyàn ń sáré rà ní ìlò tirẹ̀, nínú ilé ńlá. Ọgbọ́n inú rẹ̀ dùn mọ́ mi. Ṣé ẹ rántí pé ẹ̀ẹ̀mejì ni X10 ń sọ ohun gbogbo? Ẹ̀rọ yìí á fetí sí ẹ̀ẹ̀kíní, á mọ ohun tí wọ́n ń wí, nígbà tí ẹ̀ẹ̀kejì bá ń bọ̀ á bá wọn pariwo rẹ̀ sórí apá méjèèjì wáyà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ rántí ẹni tó máa ń gba "Allahu Akbar" lẹ́nu Lèmọ́ọ̀mù ní mọ́sálásí ńlá kó lè dé etí àwọn tó wà lẹ́yìn. Ṣùgbọ́n òun náà gbọ́dọ̀ gbọ́ ti Lèmọ́ọ̀mù. Bí agbémì bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bọ́tìnì gan-an, tí àmì ò jáde kúrò nínú yàrá yẹn, kí ló fẹ́ gbà lẹ́nu ta ni?

Aládùúgbò náà lè dá kún un. Tiransifọ́mà kan máa ń bọ́ ilé mélòó kan, lẹ́tà A sì ni ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ X10 máa ń bá jáde láti ilé iṣẹ́. Bí iná yín bá ń dá tàn lóru, ẹ yí lẹ́tà yín padà kí ẹ tó ro ohun mìíràn. Àti pé àwọn ẹ̀rọ X10 tó ń dín iná kù, gílóòbù oníwáyà àtijọ́ ni wọ́n ṣe wọ́n fún. Tí gílóòbù LED bá ń ṣẹ́jú lórí rẹ̀, àmì kọ́ ló ṣẹ̀.

Ẹni tó bá ń kọ́lé tuntun lónìí, mi ò ní sọ pé kó lọ ra X10. Insteon, ètò mìíràn irú X10 tó jáde ní 2005, ń fi wáyà àti afẹ́fẹ́ sọ̀rọ̀ pa pọ̀, ẹni tó gbọ́ sì ń dáhùn pé òun gbọ́. Àmọ́ ní oṣù kẹrin 2022, kọ̀ǹpútà ilé iṣẹ́ wọn tó ń gbé àṣẹ láti orí fóònù dákẹ́ lójijì, ọ̀pọ̀ onílé ò sì lè fi fóònù pàṣẹ mọ́ títí àwọn oníbàárà kan fi kówó jọ ra ilé iṣẹ́ náà. X10 ò gbára lé kọ̀ǹpútà ẹnikẹ́ni. Ẹni tó bá ti ní in nínú ògiri, kó tún un ṣe kó máa lò ó.

Kí ẹ má baà rò pé ọ̀rọ̀ Amẹ́ríkà nìkan ni, ẹ wo mítà alásansílẹ̀ nílé. Ní ọ̀pọ̀ àdúgbò, orí òpó níta ni mítà wà, keypad kékeré ló wà nínú ilé. Ẹ ó tẹ nọ́ńbà 20 sí i, keypad á fi í ránṣẹ́ sí mítà. Ọ̀nà wo ló gbà? Àwọn kan ń fi afẹ́fẹ́ ránṣẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ló jẹ́ pé inú wáyà iná náà ni ọ̀rọ̀ wọn ń gbà. Èdè wọn yàtọ̀ sí ti X10, àmọ́ ohun tó ń ṣe Àjàó ló ń ṣe Àjàyí. Lọ́dún tó kọjá, màmá mi ní Ìbàdàn ra iná, keypad ò rí mítà. Wọ́n tẹ̀ ẹ́ títí, wọ́n ní àwọn tó ta á fún wọn ti lù wọ́n ní jìbìtì. Mo bi àbúrò mi pé ibo ni keypad wà. Ó ní ẹ̀yìn tẹlifíṣọ̀n ni, lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì kan náà pẹ̀lú stabilizer àti ṣájà inverter. Àgọ́ àwọn agbémì! Mo ní kó yọ gbogbo wọn lójú ògiri, kó gbé keypad lọ sí sọ́kẹ́ẹ̀tì ẹ̀bá ilẹ̀kùn, níbi tí wáyà òpó ti wọlé, kó sì rí i pé changeover wà lójú ìhà NEPA, nítorí bó bá wà lójú ìhà jẹnẹrétọ̀, wáyà ilé àti wáyà òpó ò so mọ́ra rárá. Ó tẹ nọ́ńbà náà lẹ́ẹ̀kan péré, ó wọlé.

Ẹ̀yin tó ń kó ẹrù ránṣẹ́ sílé, ẹ má kó X10 Amẹ́ríkà sí i o. Volt 120 ni wọ́n ṣe é fún, volt 230 á sun ún.

Ti Houston, ẹni tó ní ìwé àṣẹ fi kapásítọ̀ sínú àpótí bíréékà, gílóòbù òkè sì ń gbọ́ràn yálà aṣọ wà nínú ẹ̀rọ tàbí kò sí. Ó ku iná ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, tó máa ń gbọ́ láti ọjọ́ Ajé dé Ọjọ́bọ̀, tó sì máa ń ya adití láti alẹ́ ọjọ́ Ẹtì. Ẹ̀gbọ́n mi kọ ọ́ sínú ìwé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí ó tó yé wa. Ọmọ wọn obìnrin tó wà ní yunifásítì ló máa ń wálé ní ọjọ́ Ẹtì, á ki ṣájà láptọ́ọ̀pù bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì ilé ìdáná, á sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú. Fílítà kan ti wà lójú sọ́kẹ́ẹ̀tì yẹn báyìí, màmá àgbà láti Ìjẹ̀bú-Òde sì ti fi bébà lẹ orúkọ ọmọ náà mọ́ ọn.